Wọ́n ti tẹ ológbò mi lọ́dàá, kí ló dé tó ṣì ń gun abo?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Èlùbọ́ ni mo ń tà nítòsí Sábó níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí eku ni mo sì ṣe ń sin ológbò méjì ní ṣọ́ọ̀bù. Akọ ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ó ti di oṣù mẹ́rin báyìí. Láti èṣí ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún abo ní tirẹ̀. Síbẹ̀, akọ yìí tún ń gun abo, ó ń fi eyín di ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ mú bíi ti tẹ́lẹ̀. Abo pàápàá ti ń ké lóru, á máa yí gbiri nílẹ̀, á gbé ìdí sókè, á ya ìrù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó máa ń ṣe é tó bí ọjọ́ mẹ́fà, á jáwọ́, tó bá di bí ọ̀sẹ̀ méjì á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ilé ti ń sọ ìsọkúsọ, wọ́n ní ológbò tó ń ké bí ọmọ ìkókó lóru kì í ṣe ológbò lásán. Ṣé wọ́n gba owó mi gbé ni? Ṣé abo lè tún lóyún?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, Màámi. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ibi tí mo dúró sí kí n tó máa ṣàlàyé. Ohun tí akọ yín ń ṣe kò bà mí lẹ́rù. Ti abo ni kí ẹ mójú tó. Lójú ẹni tó ń wò wọ́n, ọ̀rọ̀ kan náà ló jọ ń ṣe àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ohun tó ń ti akọ kò jọ èyí tó ń ti abo rárá. Bí ẹ bá fi ojú kan náà wò wọ́n, ẹ ó máa náwó sórí èyí tí kò ṣàìsàn, ẹ ó sì fi èyí tó yẹ kí dókítà rí sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ti akọ kúrò nílẹ̀ ná. Nígbà tí a bá tẹ akọ ológbò lọ́dàá, kóró ẹpọ̀n rẹ̀ méjèèjì la máa ń yọ. Inú wọn ni testosterone ti ń wá, ìyẹn họ́mónù tó ń mú akọ rìn jìnnà, tó ń mú un jà, tó ń jẹ́ kí ìtọ̀ rẹ̀ rùn gbogbo àyíká. Họ́mónù yìí kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Ìwà ni kì í bá a lọ lọ́jọ́ kan náà. Láti inú ìyá rẹ̀, àti ní ìwọ̀nba ọjọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i, ni họ́mónù yẹn ti ṣiṣẹ́ lórí ọpọlọ rẹ̀, tó sì ti sọ ọ́ di ọpọlọ akọ. Ọ̀bẹ dókítà kò dé ibẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, odidi ọdún mẹ́ta ni akọ yín fi ṣe akọ. Ó ti gun abo, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń di ọrùn mú, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wá ibi tó dúró re. Ohun tó ti kọ́ ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹni tó bá ti sin ewúrẹ́ rí á rántí pé òbúkọ tí wọ́n jẹ́ kó dàgbà dáadáa kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá kì í yé gun abo bọ̀rọ̀.

Wọ́n ti ṣe ìwádìí èyí tipẹ́. Rosenblatt àti Aronson, onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ kan jáde ní 1958. Wọ́n fi akọ ológbò tó ti gun abo dáadáa kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá wé èyí tí kò gun abo rí. Èyí tó ti mọ̀ ọ́n ṣe kò jáwọ́ bọ̀rọ̀, àwọn mìíràn ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ oṣù. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n rí kò fi bẹ́ẹ̀ dá a láṣà. Ní 1973, Hart àti Barrett náà wo akọ ológbò tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n ti dàgbà ni wọ́n tó tẹ̀ wọ́n lọ́dàá. Ìrìnkèrindò, ìjà, àti ìtọ̀ tí wọ́n ń tú sára ògiri dín kù lára mẹ́jọ nínú mẹ́wàá wọn, ó tilẹ̀ lé. Àwọn kan yí padà kíá, àwọn yòókù ń yí i padà díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Àwọn tí kò yí padà náà wà. Kódà nínú àwọn akọ tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá ní kékeré, kí wọ́n tó mọ abo rárá, Hart àti Cooper rí i ní 1984 pé bí ọ̀kan nínú mẹ́wàá ṣì ń tú ìtọ̀ sára ògiri tó bá dàgbà. Nínú abo tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún, bí ọ̀kan nínú ogún ni. Nítorí náà, oṣù mẹ́rin kò tíì pẹ́ lára akọ tó ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́ta, ẹ má sì tíì pe dókítà tó ṣe é lólè.

Ohun kan péré ni mo fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wò lára rẹ̀. Akọ ológbò tí ẹpọ̀n rẹ̀ wà lára máa ń ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ lórí okó rẹ̀, testosterone ló sì ń gbé ẹ̀gún náà ró. Bí họ́mónù bá ti tán, àwọn ẹ̀gún yìí á máa kéré lọ, tó bá fi máa tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wọn kì í sí mọ́. Bí dókítà bá yẹ okó akọ yín wò lẹ́yìn oṣù mẹ́rin tó sì bá ẹ̀gún níbẹ̀, a jẹ́ pé kóró ẹpọ̀n kan ń bẹ níbì kan. Àwọn ológbò kan wà tí kóró wọn kan kì í sọ̀kalẹ̀, tó máa ń kù sínú ikùn tàbí sí abẹ́ awọ nídìí itan. Ẹni tó bá yọ èyí tó rí nìkan, tí kò wá ìkejì, kò tíì tẹ ẹran náà lọ́dàá. Ẹ bi dókítà tó ṣe é bóyá méjì ló yọ. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín yẹ̀ ẹ́ wò o, èékánná ológbò kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré.

Ti pé kó fún abo lóyún, ẹ fi ọkàn balẹ̀ bí kóró méjèèjì bá ti jáde. Àtọ̀ díẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù sínú iṣan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìdí nìyẹn tí a fi máa ń ní kí wọ́n ya akọ sọ́tọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Tiyín ti kọjá ìyẹn.

Ó wá ku ìdí tó fi jẹ́ pé abo yẹn ló ń gùn. Akọ tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá lè máa gun nǹkan nítorí pé ara rẹ̀ kò balẹ̀: ológbò tuntun wọlé, wọ́n ń já ẹrù, ariwo ọkọ̀ ajagbe, tàbí kò rí ohun tó máa ṣe láti àárọ̀ dalẹ́. Wọ́n máa ń gun ìrọ̀rí, wọ́n máa ń gun apá ènìyàn, wọ́n sì lè gun àpò èlùbọ́. Ṣùgbọ́n ti ilé yín, mo rò pé abo gan-an ló ń pè é. Ẹ ṣọ́ ọ dáadáa: tó bá gbóòórùn ibi tí abo jókòó sí, á gbé ètè òkè sókè, ẹnu rẹ̀ á là díẹ̀, á dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ihò kékeré kan wà ní àjà ẹnu ológbò tó fi ń mọ òórùn abo tó ń wá akọ. Iṣẹ́ abẹ kì í dí ihò yẹn. Akọ yín ń gbóòórùn, ó ń gbọ́ igbe, ó sì ń rí abo tó gbé ìdí sókè fún un. Ó ṣòro fún un láti gbàgbé ohun tí wọ́n ń rán an létí lọ́sẹ̀ méjì-méjì.

Ọ̀dọ̀ abo, nígbà náà, ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń wá.

Abo ológbò tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún lè gbé ìdí sókè tí ẹ bá fọwọ́ họ ìdí ìrù rẹ̀, ó lè yí gbiri nínú oòrùn, ó lè ké nítorí oúnjẹ. Ìyẹn kò ní kí n sọ ohunkóhun. Iye ọjọ́ tí ẹ kọ ló mú mi fura: ọjọ́ mẹ́fà, ó dákẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún dé. Kò sí inú bíbí tàbí ìṣeré tó ń mọ ìgbà tó bẹ́ẹ̀. Ilé ẹyin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Abo ológbò kì í sábà sọ ẹyin kalẹ̀ fúnra rẹ̀, gígùn tí akọ bá gùn ún ló ń mú kí ẹyin jáde. Bí akọ kò bá gùn ún, á wá akọ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, á sinmi, á sì tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ní ilẹ̀ òyìnbó, tí ọ̀sán ti máa ń kúrú gan-an nígbà òtútù, ìmọ́lẹ̀ tó dín kù máa ń jẹ́ kí wọ́n jáwọ́ fún oṣù mélòó kan. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́? Ọ̀sán wa kì í kúrú ju wákàtí 11 àti ààbọ̀ lọ, ọyẹ́ ni o, òjò ni o. Abo tiwa kì í sinmi láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá.

Nítorí náà, mo gbà pé ó ṣeé ṣe kí èérún ilé ẹyin kan ṣẹ́ kù sínú abo yín. Ilé ẹyin méjì ló ní, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ẹ̀yìn kíndìnrín ni wọ́n so rọ̀ sí. Ti ọ̀tún wọ inú lọ jù, ó sì máa ń ṣòro láti fà wá sójú ihò kékeré tí dókítà là. Bí wọ́n bá gé e tó fi èérún kan sílẹ̀, tàbí tí èérún náà já sínú ikùn, ó lè lẹ̀ mọ́ ara níbẹ̀, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun yọ sí i, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe họ́mónù padà. Kò dìgbà tó bá tóbi kó tó lè ṣiṣẹ́. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó lè jẹ́ lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni igbe á tó bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń dà bí ẹni pé iṣẹ́ abẹ náà kọ́kọ́ jẹ́.

Ẹ bi mí bóyá wọ́n gba owó yín gbé. Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, bí wọ́n ṣe ṣe iṣẹ́ abẹ ló sábà máa ń fa á, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀ sí oníṣẹ́ abẹ tó mọṣẹ́ dunjú. Ẹ padà lọ bá ẹni tó ṣe é, láìjà. Ẹ bi í pé kí ló yọ: ṣé ilé ẹyin nìkan ni, àbí pẹ̀lú ilé ọmọ? Àwọn dókítà kan máa ń yọ ilé ẹyin nìkan, kì í ṣe èrú, iṣẹ́ tó pé ni. Ìdáhùn rẹ̀ ṣe pàtàkì nítorí ìbéèrè yín kejì. Bí ilé ọmọ bá ti jáde, abo yín kò lè lóyún láé, bó ti wù kí akọ gùn ún tó. Bí ilé ọmọ bá ṣì wà, oyún ṣọ̀wọ́n gan-an, nítorí èérún yẹn kì í sábà ní ọ̀nà tí ẹyin rẹ̀ á gbà dé inú ilé ọmọ mọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀rù jù lọ ni ọyún: ilé ọmọ tó wà níbẹ̀, tàbí kùkùté rẹ̀, lè kún fún ọyún níwọ̀n ìgbà tí họ́mónù bá ń kàn án. Bí abo yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí kò jẹun, tó ń bì, tàbí tí nǹkan ń jáde lójú ara rẹ̀, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.

Ẹ̀tàn kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Akọ tí a tẹ̀ lọ́dàá tó bá mọ̀ ọ́n gùn dáadáa lè mú kí ẹyin jáde lára èérún náà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, abo á dákẹ́ fún bí oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ ó rò pé ó ti sàn. Kò tíì sàn, á tún ké.

Kí a tó lọ sí iṣẹ́ abẹ, ìbéèrè kan wà tí ẹ ò ní bínú sí. Ṣé ẹnikẹ́ni nílé tàbí ní ṣọ́ọ̀bù ń fi ìpara họ́mónù pa ara, irú èyí tí dókítà máa ń kọ fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró? Ológbò tó ń sùn lórí apá ẹni bẹ́ẹ̀, tó ń lá a, lè gba họ́mónù náà sára, kó sì máa wá akọ láìní ilé ẹyin kankan. Bó bá wà, ẹ sọ fún dókítà. Kókó tó máa ń yọ lára ẹṣẹ́ tó wà lókè kíndìnrín náà lè fa irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n.

Ọjọ́ tí ẹ máa gbé e lọ ṣe pàtàkì. Ẹ má gbé e lọ nígbà tó bá dákẹ́. Ẹ gbé e lọ ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta tí igbe bẹ̀rẹ̀. Dókítà á fi òwú kékeré kan nu inú ojú ara rẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ sórí gíláàsì, á sì wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù. Bí họ́mónù abo bá ń ṣiṣẹ́, ìrísí àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á fi hàn, àyẹ̀wò yìí kò sì wọ́n. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní AMH dára, nítorí ara ilé ẹyin ni họ́mónù yẹn ti ń wá lára abo, tó bá yọ nínú ẹ̀jẹ̀ abo tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ó ti tú àṣírí. Kì í ṣe gbogbo ibi ni wọ́n ti ń ṣe é. Skáànù lè rí èérún náà, ó sì lè máà rí i, nítorí náà bí skáànù bá ní kò sí nǹkan, ẹ má kà á sí òpin ọ̀rọ̀. Bí wọn kò bá ní irinṣẹ́ ní àdúgbò, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà, bíi 100 kìlómítà sí yín. Mo mọ bí títì Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ ṣe rí, nítorí náà inú agbọ̀n tó ní ìdérí ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, kí ẹ̀rù má bà á lójú ọ̀nà.

Ìtọ́jú rẹ̀ ni pé kí wọ́n tún inú rẹ̀ ṣí, kí wọ́n wá èérún náà, kí wọ́n yọ ọ́. Ìgbà tó ń ké, tàbí ní kété lẹ́yìn náà, ló dára jù, torí pé èérún náà á ti wú, iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ti kún, ojú á lè rí i. Kí wọ́n wo ọ̀tún, kí wọ́n wo òsì, kí wọ́n má ṣíwọ́ torí pé wọ́n rí ọ̀kan. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ohun tí wọ́n bá yọ ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò, kó dá gbogbo yín lójú pé ilé ẹyin ni.

Kó tó dìgbà náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un ní oògùn tàbí abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí ti ènìyàn kó lè dákẹ́. Á dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú họ́mónù yẹn lè fa àtọ̀gbẹ àti jẹjẹrẹ ọmú fún ológbò. Ẹ má fún un ní parasitamọ́ọ̀lù rárá, ìlàjì kóró kan lè pa á. Bí akọ bá tọ̀ sára ògiri, ẹ má fi Izal tàbí Dettol nu ún. Májèlé ni irú oògùn bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún ológbò, á tẹ̀ ẹ́, á wá fi ahọ́n lá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọṣẹ ìfọṣọ lásán àti omi púpọ̀ ti tó, kí oòrùn sì rí ibẹ̀.

Ẹ tún máa wo bí akọ ṣe ń tọ̀. Bó bá dúró, tí ìrù rẹ̀ nà sókè tó ń gbọ̀n, ìwà akọ ni. Bó bá lóṣòó léraléra, tó ń rún ara, tó ń ké, tó ń lá okó rẹ̀, tí ìtọ̀ kò sì jáde, ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ ló dí. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé abo ló ń wá. Kì í pẹ́ pa á. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ti àwọn ará ilé, ó dùn mí gan-an, nítorí irú ọ̀rọ̀ yẹn ló ń mú kí wọ́n sọ òkúta lu ẹran tí kò ṣẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ohùn abo tó ń wá akọ nìyẹn, pé ohùn yẹn ga ó sì ń fà lọ torí kí akọ tó wà lọ́nà jíjìn lè gbọ́, àti pé dókítà ti mọ ibi tó ti ń wá. Ẹ tì í mọ́lé lóru. Akọ àdúgbò á máa wá yí ṣọ́ọ̀bù po, wọ́n á jà, ìgéjẹ sì lè kó àrùn ran tiyín. Bí àwọn méjèèjì kò bá tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára digbòlugi, ọjọ́ tí ẹ bá lọ ni kí wọ́n gbà á.

Ní ọjọ́ tí abo bá ń ké, ẹ ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Bí akọ bá ti gùn ún, ẹ má fi ọwọ́ fà á kúrò, ẹ má nà án. Ẹ pàtẹ́wọ́ kan, tàbí kí ẹ ju nǹkan tó lè lé sí ẹ̀gbẹ́ kan. Okùn tí ẹ so ìyẹ́ adìẹ mọ́, tí ẹ bá fi bá a ṣeré díẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, á gba púpọ̀ lára rẹ̀. Kí àpótí yanrìn wọn jẹ́ mẹ́ta, kí wọ́n má wà lójú kan.

Lálẹ́ tí igbe bá tún bẹ̀rẹ̀, ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀, ẹ kọ déètì rẹ̀ sílẹ̀ àti déètì ọjọ́ tó dákẹ́. Ìwé yẹn àti fídíò yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi lé dókítà lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ èérún náà, ẹ fún akọ ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin sí i kó tó ṣe ohun tó ń ṣe yìí tì. Bó bá ṣì ń gùn ún lẹ́yìn náà, tí abo sì ti dákẹ́, ẹ kọ̀wé sí mi padà, ká wá wádìí tirẹ̀.